Akọ̀wé Sàtánì

Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn náà, Sàtánì nìkan ni kò gba ìsinmi rí. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìjókòó. Bí ọṣẹ bá dà sílẹ̀, òun ni. Bí omi gbígbóná bá bó ẹnìkan lẹ́sẹ̀, òun ni. Bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó aṣọ bá gun ẹsẹ̀ ẹnìkan nígbà tí onítọ̀hún ń rẹ́rìn-ín sí fóònù, Sàtánì ló gbé fóònù lé e lọ́wọ́, òun náà ló sì ti kẹ̀kẹ́. Kì í ṣàìsàn, kì í pẹ́ dé, kì í béèrè ìgbéga. Ká ní ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, wọn ì bá ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ọkùnrin tó ń bá a kọ ìwé rẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè ní Akọ̀wé. Òun ni olórí yàrá ìlọṣọ, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ó gùn, ó gbẹ, ó máa ń fi kálàmù mẹ́ta sí àpò àyà, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì ń kọ̀wé. Ìwé jàǹbá wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀: ìwé ńlá elẹ́yìn pupa tí wọ́n fi okùn so kọ́ ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìlà márùn-ún tó dúró gbọọrọ ló pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan: Ọjọ́, Ohun Tó Ṣẹlẹ̀, Ẹni Tó Ṣẹlẹ̀ Sí, Ohun Tó Fà Á, Ìbuwọ́lùwé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, àtàǹpàkò ẹnìkan há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Akọ̀wé kọ mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ̀ọ̀, ó dé orí ìkẹrin, kálàmù rẹ̀ dúró. Ó wo baba arúgbó tó ń fẹ̀yìn tì, tí òun fẹ́ rọ́pò.

"Bàbá, kí ni kí n kọ síbí?"

Baba náà ṣí àwọn ewé ẹ̀yìn hàn án. "Sàtánì ni kí o kọ. Kò ní wá ṣàròyé."

Bí Akọ̀wé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìwà náà. Ẹni tó bá fọ́ nǹkan á wá bá a pẹ̀lú ojú ẹni tó pa màlúù onímàlúù, á wo bí kálàmù ṣe ń lọ, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tó wẹ̀ tó para. Lọ́dún tí nǹkan bàjẹ́ jù, ó rẹ Akọ̀wé láti máa kọ orúkọ náà tán, ló bá ń fi àmì kéékèèké méjì sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni ti òkè yẹn náà ni. Ewé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orúkọ Sàtánì ló wà lórí, tí àmì sì ń ro tótó bọ̀ títí dé ìsàlẹ̀ bí òjò.

Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá ló da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ̀rọ náà gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù. Rólà méjì tó gbóná janjan ló ń yí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi aṣọ ibùsùn tó ṣì tutù sí i níwájú, á jáde lẹ́yìn ní gbígbẹ, ní títẹ́jú. Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà níwájú àwọn rólà náà. Bí ọwọ́ bá fara kan ọ̀pá yìí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá dáadáa ni, àfi pé ara rẹ̀ kò gba ìyà. Bí apá ẹ̀wù bá kàn án, ó dúró. Bí etí aṣọ bá kàn án, ó dúró. Bí ẹnìkan bá sín ní àdúgbò kejì, ó dúró. Tó bá sì ti dúró, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kó tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ènìyàn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo lókè pé aláìsàn ń sùn sórí fóòmù lásán.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Akọ̀wé fa etí aṣọ ibùsùn tó ti gbó ya, ó ya á gbọọrọ bí okùn, ó fi so ọ̀pá náà sẹ́yìn lábẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ojú kò tó. Ó ní títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ̀rọ ń ṣàn bí odò. Ìrọ̀lẹ́ dé, iṣẹ́ kò tíì tán. Ìrọ̀lẹ́ náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo yàrá rí i pé ẹ̀rọ tó ń dúró ní ìgbà ọgbọ̀n lóòjọ́ kò dúró mọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè pé kí ló dé. Ènìyàn kì í béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ẹni ìdí tí iṣu fi ta.

Obìnrin tó ń ti aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní Afínjú. Òun nìkan, nínú gbogbo ẹni tó ti dúró síbẹ̀ rí, ni kì í jẹ́ kí aṣọ wọlé pẹ̀lú igun tó ká. Lọ́jọ́ náà, igun kan ká. Afínjú nawọ́ láti tọ́ ọ. Rólà gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan fò pa iná ẹ̀rọ, wọ́n gbé e gun òkè, ilé ìwòsàn kúkú ni, àtẹ̀gùn kan ló wà láàárín. Gbogbo ènìyàn sáré tẹ̀ lé e. Ó ku Akọ̀wé àti ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ tú okùn aṣọ náà, ó fi sápò ṣòkòtò. Ó mú ìwé, ó kọ ọjọ́, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tó kan Ohun Tó Fà Á, kò tilẹ̀ ronú. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀nà. Sàtánì.

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìka tí kò ṣẹ̀ ló jóná lọ́jọ́ náà. Ìka tó ṣẹ̀ ló mú kálàmù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni alábòójútó tuntun dé. Obìnrin kúkurú, onídùúró-ṣinṣin, tó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Kò kí ilé, kò kí ọ̀nà, ìwé jàǹbá ló kọ́kọ́ béèrè. Ọjọ́ méjì ló fi kà á, ó ń jẹ bisikíìtì sí i bí ẹni tó ń ka ìwé ìtàn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ránṣẹ́ sí Akọ̀wé.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ta ni Bìlísì?"

"Ẹn, Màdáámù?"

"Mo rí Sàtánì, mo rí Bìlísì, mo rí Ọ̀tá. Ṣé ẹni mẹ́ta ni wọ́n, àbí ẹnìkan?"

"Ẹnìkan ni, Màdáámù."

"Ẹ ṣé. Ó ti ń rú mi lójú." Ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan. "Mo kà á. Igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀, n kò rí òṣìṣẹ́ tó ṣe déédéé tó báyìí rí."

Akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú obìnrin náà, ẹ̀rín náà padà sínú.

"Mi ò sọ pé kò sí o, Bàbá. Ìyá mi ní ó wà, mi ò kí ń bá ìyá mi jiyàn. Ohun tí mò ń wá ni ẹni tí mo máa pè. Bí ẹ bá kọ pé nọ́ọ̀tù kan ló tú, mo mọ ẹni tó ń dè é. Bí ẹ bá kọ pé ilẹ̀ ń yọ̀, mo mọ ẹni tó ń nù ún. Sàtánì tí ẹ kọ yìí, ta ni kí n pè kó wá tún un ṣe?"

Akọ̀wé kò mọ ẹni náà.

Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún un ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èyí tó burú ju ìbínú lọ. Wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ kejì jàǹbá, ọ̀pá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí tuntun. Bí ọ̀pá bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó kó ọwọ́ wọlé ló jẹ̀bi. Òfin àwọn ará òkè, ìyẹn àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, sì ni pé ẹni tí kò bá fiyè sí ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́dọ̀ padà sídìí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé iṣẹ́ náà rárá. Títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ohun tó ṣeé tún ṣe síwájú orúkọ Afínjú, "àìbìkítà òṣìṣẹ́" ni òun máa kọ.

"Òun náà ńkọ́?" Akọ̀wé béèrè. "Kí ló sọ?"

"Ó ní òun máa fọwọ́ sí i." Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bó ṣe máa fọwọ́ sí i."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Láti ìgbà tí Akọ̀wé ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti kúrò lápò. Okùn aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Kò lè jù ú nù, torí pé ó lérò pé ẹni tó bá rí i nínú garawa ìdọ̀tí á mọ̀. Kò lè fi sílé, torí pé ìyàwó rẹ̀ ní ojú bí ẹ̀gún. Ló bá ń gbé e kiri bí ẹni tó lóyún.

Lọ́jọ́rú, orúkọ rẹ̀ ti gùn sí i. "Akọ̀wé Sàtánì, ẹ káàárọ̀ o." "Akọ̀wé Sàtánì, ẹ bá wa kí ọ̀gá yín." Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ ju aṣọ tó ti ẹnu rólà jáde lọ.

Nígbà ìsinmi ọ̀sán, gbogbo wọn jókòó sórí ìdì aṣọ nínú yàrá ìkáṣọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ìyá Alábàwọ́n ló dá a sílẹ̀, obìnrin àgbà tó ti fi ogún ọdún yọ ẹ̀jẹ̀, oògùn àti ògì kúrò lára aṣọ. Wọ́n ní bó bá wo àbàwọ́n lásán, á sọ àìsàn tó ń ṣe onítọ̀hún, á sì sọ bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀.

"Màdáámù yín ní ta ni Sàtánì," ó ní. "Kó wá bi mí. Àbàwọ́n ni. Aṣọ kọ́ ló bí i. Ìta ló ti wá, ó jókòó lé aṣọ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a jà, ẹ wo èékánná mi."

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Alábùlẹ̀ mi orí. Òun ló ń rán aṣọ tó ya. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bí òwú. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ihò ni. Ta ló hun ihò rí? Kò ní òwú, kò ní àwọ̀, ẹ ò lè mú un, ẹ ò lè nà án. Ibi tó yẹ kí òwú wà tí òwú ò sí, ibẹ̀ náà ni. Gbogbo ohun tí ẹ ń pè ní ibi, ibi tí ire ò dé ni."

"Nítorí náà, ohun tí kò sí ló jẹ ìka Afínjú."

"Ohun tí kò sí náà ló ń gbá aláìsàn lẹ́sẹ̀ mú tó fi ń ṣubú lórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá. Àìsí kì í ṣe nǹkan kékeré."

"Ìwọ gan-an ni ibi tó yẹ kí ọgbọ́n wà, tí kò sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ìdì aṣọ fi mì. Oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ò mọ àbàwọ́n, mi ò mọ ihò," ó ní. "Bí kò bá sí Sàtánì, ṣé èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ gun ẹsẹ̀ ara mi ní ìgbà mọ́kànlá?" Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wò ó, mo fẹ́ kó wà. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Ìyá Alábàwọ́n wá yíjú sí igun tí Akọ̀wé jókòó sí. "Akọ̀wé, ìwọ tí o ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Èwo ni? Àbàwọ́n ni àbí ihò?"

Ìka Akọ̀wé wà lára okùn aṣọ nínú àpò. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. "Ó ti tó àkókò iṣẹ́," ó ní, ó sì dìde. Ìsinmi ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ìbẹ̀rù tuntun ló mú un lọ́sàn-án yẹn, ìbẹ̀rù tí kò ṣeé sọ fún ènìyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù Sàtánì bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹni tí wọ́n ti parọ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn, ó ń rò ó pé òun ló ń bọ̀, tó fi fáìlì há abíyá, tó ń sọ̀rọ̀ tó wọ̀: "Ẹ káàsán, Akọ̀wé. Lórí ọ̀rọ̀ igba ó lé mẹ́tàdínlógún yẹn, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mẹ́ta péré ni tèmi."

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ fa ṣòkòtò rẹ̀ lórí ìṣó láti fọ̀ ọ́, torí pé ẹni tó ń fọṣọ fún gbogbo ayé kì í fọ ti ara rẹ̀. Obìnrin yìí ń tọ́jú ọmọ mẹ́tàlélógún, ọlọ́dún mẹ́ta ni gbogbo wọn, ní ilé ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lèyí?"

"Kì í ṣe nǹkan kan."

Ó fi okùn aṣọ náà wé ìka, ó tú u, ó tún wé e. "Ọmọ kan ya ìwé àwòrán lónìí. Mo ní ta ló ya á. Ó ní ọwọ́ òun ni. Mo ní ọwọ́ náà dà. Ó ti fi pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní òun ti bá a wí, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó jókòó. "Kí lẹ fi èyí so?"

Akọ̀wé sọ fún un. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ tú jáde bí omi inú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣí lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó yọ okùn náà lára ìka.

"Kò sì sẹ́ni tó mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ ò dúró mọ́. Wọn ò bi mí."

"Ẹ̀yin náà ò sì bi ara yín."

"Sàtánì ló tì mí, Ìyá àwọn ọmọ. Èmi kọ́. Mi ò ní ìwà ìkà lọ́kàn."

"Bóyá ló tì yín. Mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ pé ibi tí ẹ bá ti ń kánjú nìkan ló ti ń ráyè?" Ó wo okùn náà. "Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́, wọ́n máa lé yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ta ló máa gbà yín síṣẹ́?"

"Mo mọ̀."

Ó ká okùn aṣọ náà ní mẹ́rin bí ìnujú, ó fi lé e lọ́wọ́, ó gbé ṣòkòtò. "Gbogbo ìyókù ni mo máa fọ̀," ó ní. "Mi ò ní fọ ìyẹn."

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́, Akọ̀wé lọ kí Afínjú. Ó ní òun máa sọ fún un kí òun tó jókòó. Yàrá kan ṣoṣo ni Afínjú ń gbé, ó mọ́ débi pé èèrà tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀. Ó ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Òsì ló fi ń ká ìnujú sórí tábìlì, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ má wo bí ilé ṣe rí."

Akọ̀wé jókòó. Báyìí, ó ti jókòó ná.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," Afínjú ní. "Ṣé ènìyàn lè rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀?"

"Bíi kí ni?"

"Ọ̀pá yẹn. Mo rántí pé mo kàn án. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi kàn án kí ìka mi tó wọlé. Mo rántí bó ṣe tutù. Wọ́n wá ní ọ̀pá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá kàn án, ẹ̀rọ ì bá dúró. Kò dúró. Nítorí náà, mi ò kàn án." Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ń ka ìṣirò fún olùkọ́. "Ìka ò dùn mí tó ìyẹn. Bí orí mi bá lè ṣe èyí fún mi, kí ló tún ti ṣe tí mi ò mọ̀? Àná mo wo iná ìdáná ní ìgbà mẹ́sàn-án bóyá mo ti pa á. Mo pa á, mo rí i pé mo pa á, mi ò gba ojú mi gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orúkọ Sàtánì, ẹ̀ ń rò pé ẹni tó ń ti ènìyàn ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa ṣiyèméjì sí ojú ara rẹ̀ ni."

Akọ̀wé wo yàrá náà yí ká. Ènìyàn méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì bá àpèjúwe yẹn mu rẹ́gí.

Ó mu omi. Ó tún mu omi. Ó mu ife kẹta. Ó dìde, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà.

"Afínjú."

"Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí arúgbó tó rí àga. "Ọwọ́ òsì rẹ ti ń mọṣẹ́," ó ní, ó sì sá jáde bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Ọjọ́ Ẹtì, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ọ̀sán pé, Akọ̀wé ń gun àtẹ̀gùn. Gbogbo ilé ìfọṣọ ló ti rí iṣẹ́ ṣe nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Ènìyàn mẹ́fà ló ń ti kẹ̀kẹ́ òfìfo kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àtẹ̀gùn ń sọ fún un pé kó padà. Ó ronú pé bí òun bá ṣubú báyìí tí òun ṣẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n máa gbé òun wọlé kí òun tó sọ̀rọ̀. Ó ronú nípa ohun tí wọ́n máa kọ síwájú orúkọ òun nínú ìwé. Ó di irin àtẹ̀gùn mú.

Afínjú ti wà nínú yàrá, kálàmù lọ́wọ́ òsì, ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé, wíwọ́ ju wíwọ́ lọ. Ìwé jàǹbá wà ní ṣíṣí níwájú alábòójútó.

"Bàbá," obìnrin náà ní, "ṣé ẹ rí ohun tó fà á?"

Akọ̀wé yọ okùn aṣọ náà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó kéré púpọ̀ níbẹ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tó fi rò pé ó tóbi tó ilé.

"Èmi ni mo fi so ọ̀pá sẹ́yìn," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ̀rọ má baà máa dúró."

"Ta ló wá tú u?"

"Èmi náà ni. Nígbà tí wọ́n ń gbé e gun òkè."

Afínjú gbé kálàmù sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ó tọ́ ọ kó lè ṣe déédéé pẹ̀lú etí tábìlì.

"Mo kàn án," ó ní.

"O kàn án."

"Ó tutù."

"Ó tutù. Bó o ṣe rántí rẹ̀ ló rí."

"Ẹ tún un sọ, Ẹ̀gbọ́n."

"O kàn án. Kò dúró nítorí pé mo so ó. Orí rẹ pé."

Afínjú fi ọwọ́ òsì bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Wọn ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Akọ̀wé fẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kó jọ̀ọ́. Afínjú na ọwọ́ tí wọ́n dì jáde, ó dá a dúró.

"Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ pé orí mi pé. Mo ní ìbínú tí mo máa bá yín bí, ó pọ̀, àmọ́ kò tíì dé. Títí ọjọ́ Ajé, á ti dé. Mo máa wá bá yín níbi iṣẹ́."

Alábòójútó ti ìwé náà síwájú Akọ̀wé. Akọ̀wé fa ìlà kọjá lórí Sàtánì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àyè náà kò gbà á. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹni tó fa ìlà sójú ewé náà fi àyè sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé gba ìlà méje, ó ya wọ ibi ìbuwọ́lùwé, ó ká igun ewé náà lọ sísàlẹ̀.

"Ó dáa," obìnrin náà ní. "Ó ku igba ó lé mẹ́rìndínlógún." Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn dá páropáro. Kẹ̀kẹ́ òfìfo nìkan ló ṣẹ́kù, ó ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí orí Oníkẹ̀kẹ́ tó yọ lẹ́yìn ògiri.

"Màdáámù, lórí ọ̀rọ̀ mọ́kànlá tèmi yẹn." Ó nu ẹnu. "Mo lè mú mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ fún un."

Wọ́n gba yàrá ìlọṣọ lọ́wọ́ Akọ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní kó lọ máa ṣa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ títí lẹ́tà àwọn ará òkè fi máa dé. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó máa wà nínú lẹ́tà náà. Láti ọjọ́ jàǹbá ni ẹ̀rọ ti ń dúró padà, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ náà nìkan kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ìgbà tó bá dúró, àwọn tó ń bá Akọ̀wé rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ń pòṣé sí ìhà ibi tó wà. Wọ́n gbé ìwé jàǹbá fún Alábùlẹ̀. Ó ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n gbà á padà.

Nílé Akọ̀wé, ìyàwó rẹ̀ bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ìlàjì. Obìnrin náà kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó rí i bó ṣe ń ka ìka: Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá, Sàtánì kò wá ṣàròyé rí.

Afínjú á wá.